Kóòṣì Softball Ọmọdé: Àwọn Ìbéèrè Tí Òbí Máa Ń Bi Wá

Bí oṣù kejì bá ti ń lọ sópin níbí ní Texas, tí ìforúkọsílẹ̀ softball àwọn ọmọbìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ orí WhatsApp àwa òbí Yorùbá. Ọ̀pọ̀ wa ni kò gbá eré yìí rí. Ten-ten la fi ṣeré ní kékeré, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la sì ń wò. Àfi bí àwọn ọmọ ṣe dé tí wọ́n ní ká ra igi àti ìbọ̀wọ́. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń ran akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́ ní líìgì àdúgbò wa, ni mo bá kó àwọn ìbéèrè tí kì í tán jọ síbí. Kóòṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dá lé.

Ṣé softball àti baseball kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Ọmọ ìyá ni wọ́n: igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú méjèèjì. Chicago ni softball ti bẹ̀rẹ̀ ní 1887, inú ilé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbá a. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi ju ti baseball lọ. Pitcher, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi, kì í jù ú láti òkè èjìká. Á fi apá yí po, á sì tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ló wà láàárín béèsì kan (àmì orí pápá tí ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù ń sá lọ bá) àti èkejì. Àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ ń ju bọ́ọ̀lù láti ẹsẹ̀ bàtà 35, àwọn tí kò ju 12 lọ láti 40, àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ láti 43. Àyíká bọ́ọ̀lù àwọn kéékèèké jẹ́ íńṣì 11, ti àwọn àgbà jẹ́ 12.

Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́wọ́. Kóòṣì tó bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ máa jù láti ibi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti ń jù, kí apá rẹ̀ lè tètè gbó, kò mọ iṣẹ́ náà.

Ta ló ń sanwó fún wọn?

Ní líìgì àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀. Bàbá tàbí ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni, tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ju táì sẹ́yìn mọ́tò, tó gbé àpò bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń rìnrìn àjò, tí wọ́n ń pè ní travel ball, yàtọ̀: owó ibẹ̀ máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́dún, àwọn kóòṣì míì níbẹ̀ sì ń gbowó. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó bínú sí ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́.

Ṣé dandan ni kí kóòṣì ti gbá softball rí?

Rárá. Ẹni tó gbá a dé yunifásítì lè máà lè kọ́ ọmọ ọdún méje. Ohun tó ti wọ̀ ọ́ lára, tí kì í ronú kó tó ṣe é, kì í rí ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ohun tí kóòṣì ọmọdé gbọ́dọ̀ mọ̀ kò tilẹ̀ pọ̀: bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù láìpa èjìká lára, bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù tó ń yí bọ̀ nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń di igi mú, àti òfin sísá láti béèsì dé béèsì.

Òfin yẹn ṣe pàtàkì o. Nínú softball, ẹni tó wà lórí béèsì kò gbọdọ̀ ṣípò títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò lọ́wọ́ pitcher. Baseball kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòṣì tó ti ibẹ̀ wá tí kò béèrè, rẹfirí á máa lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ò ní mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Mo fẹ́ lọ wo ìdánrawò wọn. Kí ni kí n máa wò?

Ẹ má wo ife ẹ̀yẹ. Ẹ ka iye ọmọ tó dúró lásán. Bí ọmọ mọ́kànlá bá tò sẹ́yìn ara wọn, tí ẹyọ ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù, tí mẹ́wàá yòókù ń fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń já koríko, ìdánrawò yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kóòṣì tó mọṣẹ́ á pín wọn sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé sórí òpó rọ́bà, àwọn kan ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn, àwọn kan ń gbé bọ́ọ̀lù ilẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á pààrọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rọra sún mọ́ àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ olùkọ́. Bọ́ọ̀lù tó ń fò bọ̀ lórí ilẹ̀ a máa dẹ́rù ba ọmọ kékeré, ojú ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò, kò sì jẹ̀bi. Bó ti ń bọ̀, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀lù á gba abẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọjá. Kóòṣì kan á pariwo pé "Wo bọ́ọ̀lù!" Ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn. Kóòṣì mìíràn á bọ́ ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á mú bọ́ọ̀lù tó rọ̀, á kúnlẹ̀ nítòsí rẹ̀, á sì fi ọwọ́ yí i sí i jẹ́jẹ́. Ọmọ á fi ọwọ́ lásán gbé e: ẹsẹ̀ là, ìdí wálẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ kejì bò ó lórí. Wọ́n á ṣe é títí, kóòṣì á sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á tún ṣe é. Ìgbà náà ni ìbọ̀wọ́ á padà, bọ́ọ̀lù líle á sì tẹ̀ lé e. Mo ti rí ọmọ tó ń yí orí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdánrawò tó ń sáré pàdé bọ́ọ̀lù kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un. Ńṣe ni wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ fún un.

Kóòṣì yìí ń jágbe mọ́ wọn. Ṣebí bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn, a ò sì kú?

A ò kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ṣì ń ṣe eré tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa?

Láti àwọn ọdún 1970 ni Ronald Smith àti Frank Smoll, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington, ti ń ṣọ́ àwọn kóòṣì ọmọdé. Wọ́n kó àwọn kóòṣì kan jọ fún wákàtí díẹ̀ láti Little League, àjọ líìgì baseball àti softball ọmọdé, wọ́n kọ́ wọn ní nǹkan tó rọrùn: kí wọ́n máa yin ọmọ tó bá sapá, bí ó bá ṣe àṣìṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ gbà á níyànjú kí wọ́n tó fi bí yóò ṣe tún un ṣe hàn án, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú fífi ìyà jẹ ọmọ nítorí àṣìṣe. Wọ́n fi àwọn kóòṣì kan sílẹ̀ láìkọ́. Nínú ìwádìí tí àwọn àti akẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1992, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ kóòṣì tí wọn ò kọ́ ni kò padà wá ní sáà tó tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́, ìdá 5 péré ni. Kì í sì í ṣe pé ẹgbẹ́ kan ń borí ju èkejì lọ. Baseball àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé ìwọ̀sí dùn mọ́ ọmọbìnrin ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa náà kò ní ká má bá ọmọ wí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, wọ́n ní à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn òkè àti ìwọ̀sí. Pápá fẹ̀, kóòṣì gbọ́dọ̀ lọgun kí ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán tó gbọ́ "Béèsì kejì!" Èyí tí mi ò gbà ni kó dúró ti ọmọ ọdún mẹ́wàá níwájú ìyá rẹ̀, kó ní òun ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ pàdánù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣọ́ ọmọ tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ sá tẹ̀ lé, àbí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì ló kọ́kọ́ wò? Ọmọ tó ń wo bẹ́ńṣì ń wá ojú kóòṣì ni, asárébéèsì á sì ti jèrè béèsì kan sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, èyí nìkan tó láti fi yan kóòṣì.

Kóòṣì ní ọmọ mi kì í fetí sílẹ̀, torí kì í wo òun lójú.

Ẹ ṣàlàyé fún un, kò lè mọ̀ bí a ò bá sọ. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ ranjú mọ́ àgbà yóò dorí kodò bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀wọ̀ ni. Lójú òyìnbó, ọkàn ọmọ náà ò sí níbẹ̀ ni. Ẹ wá ṣàlàyé fún ọmọ náà pẹ̀lú. Àwọn kan ń ti ara wọn mọ́ kọ̀rọ̀ torí gbogbo ẹgbẹ́ ń pe àgbàlagbà ní "Coach Mike", wọ́n sì rò pé ìyá àwọn á gbọ́. "Coach" tó ṣáájú orúkọ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí "bùrọ̀dá" àti "àǹtí" ń ṣe nílé, kò sẹ́ni tó rí ẹnikẹ́ni fín.

Kóòṣì náà ní ẹrù tirẹ̀ láti gbé. Mo mọ ọ̀kan tó ní kí ìyá Mofìyìnfólúwa pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú fóònù òun, tó ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò títí ó fi yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn míì á ti sọ ọ́ di "Mo" lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láìbéèrè.

Orí bẹ́ńṣì ni ọmọ mi ń jókòó sí. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ó dọ́wọ́ ibi tí ẹ wà. Little League ní òfin pé ní sáà déédéé, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ wà lórí pápá títí wọ́n á fi lé ẹni tó ń gbá fún ẹgbẹ́ kejì jáde lẹ́ẹ̀mẹ́fà ó kéré tán (out mẹ́fà), kó sì di igi mú ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan nínú eré. Travel ball kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ kà á nínú ìwé kí ẹ tó sanwó.

Ọgbọ́n àyínìke tún wà. Kóòṣì á gbé ọmọ tí kò tíì dáńtọ́ sí ìpẹ̀kun pápá lápá ọ̀tún, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà dé, á sì fi í síbẹ̀ láti oṣù kẹta títí sáà á fi parí. Ó ti tẹ̀ lé òfin, ọmọ ò sì kọ́ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì ní ipò tirẹ̀ nínú eré kankan, ó yẹ kí wọ́n máa yí i káàkiri ni. Ibi méjì péré ni mo ti gbè sẹ́yìn kóòṣì: béèsì àkọ́kọ́ àti ibi tí pitcher ń dúró sí. Bọ́ọ̀lù ń yára dé ibẹ̀. Bí ọmọ ò bá tíì lè hán bọ́ọ̀lù dáadáa, wọn ò gbọdọ̀ torí pé kí gbogbo wọn lè dọ́gba fi ojú àti eyín rẹ̀ wewu. Kóòṣì tó bá ní kí àwọn tó ń dúró ní itòsí máa wọ ìbòjú ààbò, kódà níbi tí òfin ò ti sọ ọ́ di dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ bi í pé, "Coach, kí ni kí n kọ́ kí n lè gbá béèsì kejì?" Bó ṣe dáhùn á fi irú ẹni tó jẹ́ hàn.

Wọ́n ní jíju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ kì í pa apá lára. Òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Ó ń fa iwájú èjìká àti iṣan apá òkè gidigidi. Torí ìgbàgbọ́ yìí ni ẹgbẹ́ tó ní pitcher kan ṣoṣo tó já fáfá ṣe ń lò ó láti àárọ̀ Sátidé dé ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Kóòṣì tó gbọ́n á kọ́ pitcher mẹ́ta ó kéré tán, á máa ka iye bọ́ọ̀lù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jù, á sì béèrè bóyá ọmọ ń jù fún ẹgbẹ́ míì. Bí ọmọ bá ní iwájú èjìká ń dun òun, tí kóòṣì ní kó fi yìnyín sí i kó máa bá a lọ, ẹ gbé ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Kóòṣì fẹ́ máa kọ́ ọmọ mi nìkan lọ́tọ̀, ó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Lẹ́yìn tí àṣírí Larry Nassar, dókítà àwọn ọmọbìnrin eléré ìdárayá, tú síta, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kejì ọdún 2018. Òfin náà ní kí àgbàlagbà tó wà nínú irú ẹgbẹ́ eré ìdárayá wọ̀nyí fi ẹjọ́ ìlòkulò ọmọdé, títí kan ti ìbálòpọ̀, tó bá fura sí tó aláṣẹ létí láàárín wákàtí 24, ó sì ní kí wọ́n dín bí àgbà kan àti ọmọ kan ṣe ń wà pọ̀ láwọn nìkan kù. Ẹ̀kọ́ àdáni kò burú, àmọ́ kó jẹ́ níbi tí àgbàlagbà míì ti lè rí wọn, tó sì lè wọlé sí wọn nígbàkigbà. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa bọ́ sí fóònù òbí pẹ̀lú. Kóòṣì tó mọ ohun tó ń ṣe ni yóò kọ́kọ́ sọ èyí fún yín, kò ní dúró kí ẹ bi òun.

Ẹ bi líìgì bóyá wọ́n ti yẹ ìtàn ẹ̀yìn gbogbo kóòṣì wò. Kì í ṣe ìwà àfojúdi, wọ́n ń retí ìbéèrè yẹn.

Àrá ń sán, wọ́n sì ṣì ń gbá a.

Ẹ lọ mú ọmọ yín. Bí àrá bá ti sán, gbogbo èèyàn á kúrò lórí pápá, wọn ò sì ní padà títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn. Bákan náà ni ọmọ tí bọ́ọ̀lù bà lórí, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí èébì ń gbé e, ti kúrò nínú eré ọjọ́ náà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Irun ọmọ mi ńkọ́?

Akoto gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa sórí, nítorí náà ẹ di irun náà kó wálẹ̀ sẹ́yìn ọrùn; ṣùkú kò ní wọ inú akoto. Ní ti ìlẹ̀kẹ̀, ẹ béèrè òfin líìgì yín kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2021, ní Durham ní North Carolina, wọ́n ní kí ọmọbìnrin dúdú kan yọ ìlẹ̀kẹ̀ irun rẹ̀ láàárín eré softball ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gé lára irun náà kó tó lè máa gbá a lọ. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ló yẹ kó ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kóòṣì obìnrin ló dáa jù?

Kò di dandan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí obìnrin kan, ó kéré tán, wà lórí bẹ́ńṣì, torí nǹkan oṣù lè bá ọmọ ọdún mọ́kànlá lójijì, kò sì ní sọ fún Coach Mike. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé Patty Gasso tó ń kọ́ Oklahoma gba ife yunifásítì lọ́dún mẹ́rin léraléra, láti 2021 sí 2024, àti pé Natasha Watley, obìnrin dúdú, gba wúrà Òlíńpíìkì pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní 2004.

Kóòṣì travel ball ní òun á rí i pé ọmọ mi rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Ẹ rọra o. Títí di 2025, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kíkún méjìlá péré ni ẹgbẹ́ softball tó ga jù ní yunifásítì lè fúnni, wọ́n á sì pín in wẹ́wẹ́ láàárín gbogbo ẹgbẹ́. Òfin ti yí padà báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gba ètò tuntun lè fún ọmọ márùndínlọ́gbọ̀n, bí wọ́n bá lówó rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí kóòṣì tó lè fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣèlérí. Àwọn òbí míì ti ná owó tó tó san ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ sórí hòtẹ́ẹ̀lì àti epo mọ́tò.

Líìgì ní kò sí kóòṣì, wọ́n ní kí n wá ṣe é. N kò mọ nǹkan kan.

Ẹ gbà á. Ẹ wá òbí kan tó gbọ́ eré náà tí yóò dúró tì yín, kí ẹ̀yin sì mú ètò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí gbogbo ọmọ wọ orúkọ wọn sára aṣọ. Wákàtí kan tó fún àwọn kéékèèké. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jíju bọ́ọ̀lù, torí ọmọ tí kò lè jù ú tí kò lè hán an, kò sí eré tó lè gbá. Ẹ má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́ẹ̀kan, oòrùn Texas ò ní gbà fún yín. Sísá yí béèsì po ni kí ẹ fi kádìí rẹ̀, kí wọ́n lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tiyín. Òun ni ẹ máa le mọ́ jù, kí àwọn èèyàn má baà ní ẹ ń ṣe ojúsàájú. Kóòṣì tí mo ń ràn lọ́wọ́ ní òfin kan: bí wọ́n bá ti wọ mọ́tò, kò sí ọ̀rọ̀ softball mọ́ àfi bí ọmọ náà bá dá a sílẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú kóòṣì. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?

Kì í ṣe lórí pápá, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ eré náà. Ẹ sùn lé e lórí, kí ẹ wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹ fẹ́ rí i. Ẹ jẹ́ kó dá lórí ọmọ tiyín, ẹ má dárúkọ ọmọ ẹlòmíì. Ẹ tún jọ̀ọ́, àwa tí à ń jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ pápá, tí à ń fi Yorùbá pa àṣẹ tó yàtọ̀ sí ti kóòṣì: "Sáré! Sáré ńbẹ̀!" Kóòṣì ti ní kó dúró. Ta ni kí ọmọ gbọ́ tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ tí rẹfirí lé jáde ní béèsì kẹta, ìyá wọn ló rán wọn lọ.

Ìgbà wo ni kí n yọ ọmọ mi kúrò?

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọwọ́ kíkàn, èébú tàbí ìṣòro ìlera tí wọ́n fojú fò, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi tó líìgì létí ní àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kóòṣì kàn jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ́, ẹ jẹ́ kí sáà parí, oṣù méjì mẹ́ta ni. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àyè sábà máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù tí ẹ ti lè kọ orúkọ kóòṣì tí ẹ fẹ́ tàbí èyí tí ẹ ò fẹ́. Ẹ tètè kọ ọ́. Àwọn kóòṣì tó dáa, ẹgbẹ́ wọn kì í pẹ́ kún.